Ọ̀bẹ ínǹṣì mélòó ni kí n gbé wọ igbó?

Ọmọ_Ọdẹ_Tuntun:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, òun ló jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ mi wá síwájú yín.

Lóṣù tó ń bọ̀, èmi àti àbúrò bàbá mi fẹ́ wọ igbó. Àgbọ̀nrín la fẹ́ pa, alẹ́ mẹ́ta la sì máa sùn nínú àgọ́. Mo ti gba ìwé àṣẹ, mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn, ọkàn mi balẹ̀ lórí ìyẹn. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ọ̀bẹ. Mi ò tíì bó ẹran rí láyé mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹran tí mo bá pa ṣòfò nítorí pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Tí mo bá ti gba ẹ̀mí rẹ̀, ó yẹ kí ẹran rẹ̀ wúlò.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti fún mi ní ọ̀bẹ kan. Ojú rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 7, ó nípọn tó mìlímítà 5, eyín bíi ti ayùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí mo bá fi kọ́ ìgbànú, ńṣe ló ń fa ṣòkòtò mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo tún rí òmíràn tí kò ju ínǹṣì 3½ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sọ́wọ́, ó ṣe mí bíi pé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó èso ni. Àbúrò bàbá mi ní kí n mú èyí tó bá bá ọwọ́ mi mu, wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ mi kò tóbi. Mo fi rúlà wọn ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi, sẹ̀ǹtímítà 8 ni.

Ọ̀bẹ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé: kó bó ẹran, kó gé okùn, kó gbẹ́ èèkàn àgọ́, kó sì la igi ìdáná. Ínǹṣì mélòó ni kí n mú?

Atọpasẹ̀:

Àbúrò, o káre tí o béèrè kí o tó gbéra. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn ná, kí n tó ṣàlàyé. Ínǹṣì 3 sí 4 ni ti ẹran. Ọ̀bẹ ńlá tí wọ́n fún ọ yẹn, fi í sílé.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ tagbáratagbára ni pé èmi náà ti ṣe é rí. Ọ̀bẹ oní-ínǹṣì 7 ni mo fi la àgbọ̀nrín àkọ́kọ́ tí mo pa. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo há tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu. Mo dá ẹran náà dojú sókè, mo la awọ díẹ̀ lábẹ́ egungun àyà, mo ki ìka méjì bọ inú rẹ̀, mo fi wọ́n gbé awọ ikùn sókè kúrò lára ìfun, mo wá ti ọ̀bẹ sáàárín ìka méjèèjì, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Títí dé ibẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ mi gẹ́lẹ́ ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó ọ̀bẹ náà ti jìnnà sí ọwọ́ mi. Inú òkùnkùn ikùn ló wà, mi ò rí i, mi ò sì mọ ohun tó ń kàn. Àfi bí mo ṣe gbọ́ "fìì", bíi táyà tó ń jò. Lẹ́yìn náà ni òórùn dé. Mo ti gún àpòlúkù. Koríko tí ẹran náà ti jẹ dà sórí iṣan ẹ̀yìn méjèèjì tó wà nínú lọ́hùn-ún, ibi tó rọ̀ jù lọ ní gbogbo ara rẹ̀. Mo gé gbogbo ibi tó kàn dà nù. Ó ti tó ọdún 26 báyìí, ó ṣì ń dùn mí.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Di èèkù mú, kí o na ìka ìfábẹ̀lá rẹ gbọọrọ sórí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Orí ìka rẹ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣóńṣó, kó má ku ju bí ìbú ìka kan tàbí méjì lọ. Nígbà náà, ìka ló ń bá ọ ríran níbi tí ojú kò dé. Òun ló máa mọ̀ pé nǹkan rírọ̀ kan wà níwájú, òun ló sì máa rọra tì í sẹ́yìn kí irin tó dé ibẹ̀. Tí irin bá ti fi ínǹṣì 3 tàbí 4 ta ìka yọ, o ti di afọ́jú nínú ikùn ẹran. Nítorí náà, iye ínǹṣì tí ò ń béèrè, ọwọ́ rẹ ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ sẹ̀ǹtímítà 8, mo rò pé ínǹṣì 3½ ló máa já sí, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Èyí tó dà bí ọ̀bẹ èso lójú rẹ yẹn gan-an ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti tẹtí sí mi dáadáa ni èèkù. Ojú ọ̀bẹ ni gbogbo èèyàn máa ń wò, ṣùgbọ́n èèkù ni ọwọ́ ń bá gbé. Má ṣe torí pé ọwọ́ rẹ kéré kí o wá mú èèkù kúkúrú. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jókòó sórí rẹ̀, kó sì tún ku díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Tìrẹ, èèkù sẹ̀ǹtímítà 10 sí 11 ló dáa, pàápàá tí òtútù bá máa mú kí o wọ ìbọ̀wọ́. Ìgbà tí ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ bá ti kún ọwọ́ lo máa mọ ìyàtọ̀. Tí ìka tó kéré jù bá ń rọ̀ dànù lẹ́yìn èèkù, àwọn mẹ́ta tó kù ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, wọn á rẹ̀, ọwọ́ á yọ̀ síwájú, ẹnu ọ̀bẹ ni yóò sì bọ́ sí.

Ohun kan wà tí mo máa ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe. Mú ọ̀bẹ náà nínú akọ̀ rẹ̀, pa ojú rẹ dé, yí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o wá sọ ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Tí o kò bá lè sọ ọ́, èèkù yẹn ti rí róbótó jù, má gbé e. Nínú ikùn ẹran, lálẹ́, kò sí ohun míì tó máa sọ fún ọ.

Ní ti ìnípọn, mìlímítà 2½ sí 3 ti tó. Tó bá ju ìyẹn lọ, ó máa ń la ẹran bí ìgbà tí wọ́n fi èèkàn gún un, kì í gé e. Ní ti ìrísí, mú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ṣóńṣó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní drop point, tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ Bob Loveless, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ọ̀bẹ nígbà ayé rẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ kò yọ sókè, kì í yára gún ohun tí o kò fẹ́ gún.

Ohun tó kù ni pé ọ̀bẹ kì í gé egungun. Mo ti rí àwọn tó ń fi ọ̀bẹ ńlá ṣá ẹsẹ̀ ẹran bí ẹni ń gé igi, tí ẹ̀rún egungun ń fò wọnú ẹran. Di ẹsẹ̀ ẹran mú, ká a síwá sẹ́yìn, fi àtàǹpàkò wá ibi tó ti ń mì lábẹ́ awọ. O máa rí kòtò kékeré kan níbẹ̀. Ti ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, gé àwọn iṣan funfun tó wà yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o tún ká a. Ó máa ja "kọ́" lọ́wọ́ rẹ, ẹsẹ̀ á sì bọ́. Ọ̀bẹ ínǹṣì 3 ṣe é tán pátápátá.

Aláàgọ́:

Ẹ̀gbọ́n Atọpasẹ̀, ẹ ṣeun, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ikùn ẹran. Ṣùgbọ́n alẹ́ mẹ́ta ni ọmọ yìí fẹ́ sùn nínú igbó, ẹ̀rù igi ló ń bà mí fún un.

Èmi kì í ṣọdẹ ẹran ńlá, ehoro àti ẹja ni tèmi, àgọ́ ni mo sì mọ̀ jù. Lọ́dún kan, òjò mú wa lórí òkè lọ́jọ́ kẹta. Gbogbo igi tó wà nílẹ̀ ti rin gbingbin. Igi tó rin lẹ́yìn ṣì máa ń gbẹ nínú, ẹni tó bá là á ló máa rí iná dá. Ọ̀bẹ kíká oní-ínǹṣì 3 ló wà lápò mi. Mo gbé e lé orí igi, mo fi kùmọ̀ lù ú. Ní ìgbà kẹta tí mo lù ú, oríkèé rẹ̀ yẹ̀, ojú ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí eyín tó fẹ́ ká. Òtútù mú wa títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnì kejì mi ń gbọ̀n débi pé kò lè sọ̀rọ̀ geere mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti jáde láìsí ọ̀bẹ ínǹṣì 5, tó nípọn tó mìlímítà 4, tí irin rẹ̀ gba inú èèkù kọjá títí dé ìdí.

Ìṣirò tèmi rọrùn. Wo bí igi tí o fẹ́ là ṣe nípọn tó, kí o fi ínǹṣì 2 kún un, nítorí ṣóńṣó gbọ́dọ̀ yọ lódì kejì kí kùmọ̀ lè rí ibi lù. Igi ínǹṣì 3, ọ̀bẹ ínǹṣì 5. Ọmọ yìí sì sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni òun fẹ́ gbé. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni lóòótọ́, mo ní kó mú 4½ sí 5, kó fara da pé kò ní dẹrùn nínú ikùn ẹran.

Atọpasẹ̀:

Aláàgọ́, ẹ kú ewu òjò ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ yín kò ṣeé kó dànù, òtútù ń pa èèyàn ju ọ̀bẹ lọ. Ibi tí ọ̀nà wa ti yà ni "ọ̀kan ṣoṣo" yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí àbúrò wa tún rò.

Ẹ wo àwọn Sámì tó ń da ẹran lápá òkè Norway, Sweden àti Finland. Ọ̀bẹ ńlá wọn, leuku, lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 lójú nìkan, òun ni wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, tí wọ́n fi ń wẹ́ igi. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń gbé puukko mọ́ ọn, ọ̀bẹ kékeré tí ojú rẹ̀ kì í sábà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, fún iṣẹ́ tó gba sùúrù. George Washington Sears, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa ìgbé inú igbó, tí wọ́n ń pè ní Nessmuk, tó kú lọ́dún 1890, kì í fẹ́ gbé ẹrù wúwo rárá nínú igbó, síbẹ̀ mẹ́ta ni tirẹ̀: àáké kékeré kan, ọ̀bẹ alákọ̀ kan, ọ̀bẹ kíká kan. Àwọn tó ń gbé inú igbó pẹ́ kì í sábà fi ọ̀kan ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀bẹ ínǹṣì 7 tí gbogbo ayé mọ̀, Ka-Bar tí àwọn Marine ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà lọ́dún 1942, àwọn ológun ni wọ́n ṣe é fún, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀ sí tiwa.

Ohun tí mo máa sọ fún àbúrò wa ni pé kó gbé ọ̀bẹ kékeré, kó fi ayùn kíká tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ayùn yẹn kò wúwo tó ọ̀bẹ ínǹṣì 7, ó sì wúlò nígbà méjì: ó ń gé igi, wọ́n sì tún lè fi la egungun ìbàdí ẹran, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Fi ayùn gé igi sí kékeré, bíi gígùn ọwọ́ láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́. Má ṣe là á láàárín. Láti etí ni kí o ti máa bẹ́ ẹ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń bó èèpo. Tó bá ti sán díẹ̀, yọ ọ̀bẹ, gbẹ́ igi líle kan ní ṣóńṣó, gbé e sójú ibi tó sán, kí o wá lu ìyẹn. Igi ni kó jẹ ìyà, kí ọ̀bẹ máa sinmi.

Tó bá wá jẹ́ pé àyè kò sí rárá fún ayùn, ínǹṣì 4 ni kó dúró sí. Companion, ọ̀bẹ kan tí ilé iṣẹ́ Morakniv ń ṣe, wà nítòsí ibẹ̀: ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 104, ó nípọn tó 2½. Mo ti fi ṣe ẹran, mo sì ti fi gbẹ́ èèkàn. Irin rẹ̀ kò gba inú èèkù dé ìdí, nítorí náà, mi ò kì í fi lu igi tó nípọn ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Aláàgọ́:

Ti ayùn yẹn, mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ká ní ayùn wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ òjò yẹn, à bá ti yá iná kí ilẹ̀ tó ṣú.

Apọ́nbẹ:

Díẹ̀ ni tèmi. Ọ̀bẹ tó kú lẹ́nu, ì báà gùn tó ínǹṣì 3 tàbí 10, ewu ni, nítorí agbára lèèyàn máa fi tì í, agbára ló sì ń gbé ọwọ́ ṣìnà. Gbé òkúta ìpọ́nbẹ pẹlẹbẹ kan dání. Dá ọ̀bẹ dúró ṣánṣán lórí òkúta, ìyẹn dígírì 90. Bì í sí ìdajì, 45. Tún bì í sí ìdajì, o ti sún mọ́ 20 tó yẹ ọ̀bẹ ọdẹ. Ìhà kan, kí o tó lọ sí ìkejì. Ọ̀bẹ kékeré máa ń yá pọ́n lójú ẹran. Tèmi máa ń fẹ́ òkúta lẹ́ẹ̀kan láàárín iṣẹ́, ìṣẹ́jú méjì péré ni.

Tí irin rẹ bá jẹ́ èyí tó ń dípẹtà, nù ún kí o tó kì í bọ akọ̀, kí o fi òróró díẹ̀ pa á. Ẹ̀jẹ̀ àti akọ̀ awọ tó rin, òru kan péré ti tó láti bà á jẹ́.

Tún béèrè òfin ibi tí o bá máa gbà kọjá. Gígùn ọ̀bẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ nìkan níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, ọ̀bẹ kíká tí ojú rẹ̀ kò ju ínǹṣì 3 lọ, tí kò sì ní ohun tó ń tì í pa, nìkan lèèyàn lè máa gbé kiri ìta láìní ìdí pàtó. Ọ̀bẹ kíká Opinel nọ́ḿbà 8, tí ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8½, tó sì ní òrùka tó ń tì í pa, kò sí lára rẹ̀. Inú àpò tó wà ní dídì ni kí ọ̀bẹ rẹ wà títí o fi máa dé igbó.

Ọmọ_Ọdẹ_Tuntun:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe, mo tiẹ̀ tún fi díẹ̀ kún un.

Mo gé páálí líle sí ìrísí ọ̀bẹ mẹ́ta: ínǹṣì 3½, 5 àti 7. Mo fi téèpù dì wọ́n mọ́ igi kan náà tí mo gbẹ́ ní èèkù, sẹ̀ǹtímítà 10½. Mo fẹ́ bàlúùnù kan, kò le jù, mo tẹ̀ ẹ́ sínú àpò ẹ̀yìn mi, mo sì pa iná yàrá. Mo wá fi ìka méjì gbé ẹnu àpò sókè bí Ẹ̀gbọ́n Atọpasẹ̀ ṣe wí, mo ń ti páálí náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Ti ínǹṣì 7, páálí ti ń tẹ bàlúùnù kí n tó mọ̀ rárá. Ìgbà tí mo gbọ́ tó dún ni mo mọ̀. Ti ínǹṣì 5, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ti kàn án ná. Ti 3½, ẹ̀gbẹ́ ìka mi fara kan bàlúùnù fẹ́rẹ́ bí páálí ṣe dé ibẹ̀, mo sì tì í sẹ́yìn láìronú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni páálí ṣáájú ìka.

Mo ti mú èyí tí mo ń pè ní ọ̀bẹ èso. Mo pa ojú dé, mo yí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú akọ̀ rẹ̀, mo sì mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Ayùn kíká náà ti wà nínú àpò. Lánàá ni mo fi gé ẹ̀ka gbígbẹ kan, tí mo bẹ́ ẹ láti etí wá bí ẹ ṣe kọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ gbà mí tó ìṣẹ́jú 15, ọwọ́ mi ṣì ń lọ́ra, ṣùgbọ́n iná ràn.

Mo ka ìtàn àpòlúkù yẹn fún àbúrò bàbá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní tó bá kan àkókò, èmi ni kí n la ẹran, àwọn á bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.